Alùpùpù oníkábúrétọ̀ àti oní-ínjẹ́kítọ̀: èwo ló yẹ kí ẹ rà fún òjò Àkúrẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó sábà máa ń béèrè iye owó rẹ̀, bí ó ṣe ń jẹ epo tó, àti bóyá ó lè ru ẹrù gun òkè. Ní tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí omi bá dé ara àwọn ohun èlò iná rẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè wa, bí a bá yọ ìdáwọ́dúró inú oṣù kẹjọ kúrò, odò Àlà sì máa ń kún jáde sí ìgboro. Oríṣi méjì ni mo fẹ́ fi wéra. Èkíní ni èyí tí kábúrétọ̀ ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ fún, tí CDI, ìyẹn àpótí iná kékeré kan, sì ń darí iná púlọ́ọ̀gì rẹ̀, bíi àwọn Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn káàkiri. Èkejì ni èyí tí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré inú alùpùpù, ń darí, tí ínjẹ́kítọ̀ sì ń fọ́n epo sí. Irú rẹ̀ ti pọ̀ gan-an lára àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ọjà Íńdíà láti ìgbà tí òfin èéfín BS6 ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹrin, ọdún 2020.

Ibi tí omi ti ń mú oníkábúrétọ̀ kò pọ̀, ojú sì lè rí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fìlà púlọ́ọ̀gì ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé iná tó ń gba ibẹ̀ lágbára tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, bí fìlà náà bá sì ti sán tàbí tí omi wà nínú rẹ̀, iná yóò gba ara omi lọ sí ara irin dípò kó dé ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, tí kò lágbára mọ́, tàbí tó kú pátápátá. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ nu ún, ẹ fi í padà sínú fìlà rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ara irin rẹ̀ kan orí ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò púlọ́ọ̀gì àti sí bẹntiróòlù, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ kíìkì. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́ pàrà tó sì jẹ́ búlúù, iná kọ́ ni àìsàn náà, epo ni kí ẹ yẹ̀ wò: omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ife kábúrétọ̀ ló máa ń wà, ẹ sì lè tú síkúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ife náà kí omi náà dà nù. Bí iná bá pupa rúsúrúsú tàbí tí kò yọ rárá, ẹ tọ wáyà láti fìlà lọ sí kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń sọ iná di alágbára fún púlọ́ọ̀gì, ẹ yẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì wò, kí ẹ tó kan ibi tí wáyà ti wọ CDI. Wọ́n sábà máa ń fi oje líle dí inú CDI pa, nítorí náà ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀ ni omi máa ń bàjẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ra CDI tuntun nígbà tó jẹ́ pé kí ó gbẹ ẹsẹ̀ wáyà náà nìkan ló kù.

Oní-ínjẹ́kítọ̀ yàtọ̀. Rọ́bà wà lẹ́nu àwọn ìsopọ̀ wáyà rẹ̀, bí rọ́bà wọ̀nyí bá sì wà ní pípé, òjò lásán kì í tètè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ráyè wọlé, wàhálà rẹ̀ jinlẹ̀. Bátìrì ló ń gbé brain box àti pọ́ǹpù epo inú táńkì ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá ti kú pátápátá, kíìkì nìkan kì í sábà gbà á là. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtẹ sítátà, kí ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù: ó yẹ kó kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bí kò bá kùn, fíúsì, rìlé (ohun tó ń ṣí iná sí pọ́ǹpù) tàbí ìsopọ̀ pọ́ǹpù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì kò bá kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí omi ti mú kí ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwọn ohun tó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, máa parọ́ fún brain box, mẹkáníìkì tó lè ka àmì náà lẹ ó sì nílò. Irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá kàn kí ẹ tó ra alùpùpù náà.

Ewu méjì kan wà tí kò yan èyí tàbí ìyẹn. Bí omi bá ti gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe tẹ sítátà, torí omi kì í ṣeé fún pọ̀, ó sì lè tẹ irin inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó rọra tẹ kíìkì kí omi jáde. Bí ọ́ìlì bá sì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀: ó ń ti omi gba ibi tí òjò kò lè gbà.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tó ń gbé kòkó láti oko ní ọ̀nà Ìdànrè, tàbí tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, oníkábúrétọ̀ tó ní kíìkì ni kó rà, nítorí pé fìlà, kọ́ìlì àti CDI rẹ̀ ṣeé rí rà nítòsí, nígbà tó jẹ́ pé brain box ti irú alùpùpù kan kì í bá òmíràn mu. Ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì ní Alágbàká, tó sì ń gbé e sábẹ́ òrùlé, lè ra oní-ínjẹ́kítọ̀, yóò sì jàǹfààní epo tí kì í fi ṣòfò.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, yálà èyí tàbí ìyẹn, ẹ ṣí ìjókòó rẹ̀ kí ẹ fa ìsopọ̀ wáyà méjì tàbí mẹ́ta yọ lójú ẹni tó ń tà á. Bí ìpẹtà aláwọ̀ ewé bá wà lára irin inú rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti gé wáyà tí wọ́n sì fi téèpù so ó, ó ṣeé ṣe kí omi ti mu alùpùpù náà rí, ẹ wá òmíràn.