Réèlì tí wọ́n ṣe sí ìjókòó eléré ìje wa ní Agodi Gate

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń wa mọ́tò kan pẹ̀lú ẹlòmíì, tí ìjókòó inú rẹ̀ sì jẹ́ ti eléré ìje, èyí tí kò ṣeé tì síwájú tí kò ṣeé fà sẹ́yìn, ẹ má tíì tà á. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan wà nítòsí ọjà Ararọ̀mí, ní Agodi Gate níbí ní Ìbàdàn, tó fi réèlì, irin tí ìjókòó ń yọ̀ lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, bá wa yanjú tiwa. Iṣẹ́ náà dára débi pé mo fẹ́ sọ ọ́ ní kúlẹ̀kúlẹ̀, títí kan ibi tó kù sí.

Golf 3 ni mọ́tò wa, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi la ni ín. Tó bá di Sátidé, a máa ń gbé e lọ sórí ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn Mọ́níyà tí ẹni tó ni ín gbà wá láàyè. A ó to kóònù sílẹ̀, a ó máa sá eré láàárín wọn, ẹnì kan á di aago mú fún ẹnì kejì. Bọ̀ọ̀dá mi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 2. Èmi ò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 2 lọ. Ìjókòó Sparco tòkunbọ̀ oní-fáíbà ló wà nínú rẹ̀, ó gba èèyàn mọ́ra ní ìhà méjèèjì, wọ́n sì ti fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ni mo fi ń kan kílọ́ọ̀ṣì. Kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, àfi kí n yọ̀ wálẹ̀ kúrò níbi tí bẹ́líìtì dè mí sí.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi ni pé kí n ki tìmùtìmù sẹ́yìn. Mi ò gbà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà má gbà. Tìmùtìmù pálọ̀ rọ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi, tàbí tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, á fún pọ̀, bẹ́líìtì tó ti fún pinpin tẹ́lẹ̀ á sì dẹ̀. Ara á ti fò síwájú kí bẹ́líìtì tó mú un. FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje mọ́tò lágbàáyé, ti fi òdiwọ̀n lé e: tìmùtìmù yòówù tó bá wà láàárín awakọ̀ àti ìjókòó tí wọ́n fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ nípọn ju mílímítà 50 lọ. Íǹṣì 2 péré nìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ mi àti ti bọ̀ọ̀dá mi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí awakọ̀ mẹ́ta ti ń pín mọ́tò kan wà fún wákàtí 24, ìṣòro yìí kan náà ni wọ́n ń bá yí. Awakọ̀ tó kúrú á ní tìmùtìmù líle tirẹ̀ tí wọ́n fi ara rẹ̀ wọ̀n, á sọ ọ́ sínú ìjókòó kó tó wọlé, tó bá sì ń jáde á gbé e dání lọ. Àwọn mọ́tò mìíràn wà tó jẹ́ pé ìjókòó ò kúrò lójú kan, pẹ́dà ni wọ́n ń sún wá bá awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ferrari ṣe LaFerrari, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Ford ṣe Ford GT ti ọdún 2017. Pẹ́dà Golf 3 ò ṣeé sún. Ìjókòó ló gbọ́dọ̀ rìn.

Bàbá ni gbogbo ọmọṣẹ́ ń pe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, àwa náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn onítakisí Micra ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú yìí mọ bí Micra ṣe pọ̀ tó, ẹ sì mọ̀ pé awakọ̀ méjì lè máa pín ọ̀kan, ẹnì kan láàárọ̀, ẹnì kan lálẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ìjókòó síwá sẹ́yìn, réèlì á dípẹtà, eyín rẹ̀ á jẹ. Ìdí iṣẹ́ yẹn ni Bàbá ti mọ réèlì.

Kò fi ojú wọ̀n wá. Ó ní kí bọ̀ọ̀dá mi wọ bàtà tó fi ń sá eré, kó dé àṣíborí, kó jókòó, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó wo orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ nà tán, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló ní kó na ọwọ́ sí sítíárìn láìgbé èjìká kúrò lára ìjókòó. Ọrùn ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ sùn lé òkè sítíárìn, kì í ṣe ìka. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀, ó wá kàn mí. “Ọmọ mi, sún mọ́ ọn dáadáa, má bẹ̀rù rẹ̀.” Nígbà tó fi tépù wọn àárín àmì méjèèjì, íǹṣì 5 ló jẹ́.

Réèlì tó rí fún wa ní Ararọ̀mí jẹ́ èyí tó ń tì pa ní apá méjèèjì. Ibí ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ oníṣẹ́ gidi la bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ réèlì ló jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló ń tì, èkejì kàn ń yọ̀ tẹ̀lé e ni. Fún mọ́tò tó ń lọ sọ́jà, kò burú. Ṣùgbọ́n ìjókòó fáíbà le, ara èèyàn sì ń já lù ú ní gbogbo kọ́nà. Apá tí kò tì á máa mì, ìjókòó á sì máa lọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó bèèrè iye owó.

Bàbá ò jó réèlì mọ́ ilẹ̀ mọ́tò. Wẹ́dà ni, ohun èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ̀. Ó ní irin ilẹ̀ Golf tín-ín-rín, ó lè ya léti ibi tí wọ́n bá jó. Bóòtù mẹ́rin oní-mílímítà 8 ló lò, àwọn tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, èyí tó fi bí irin wọn ṣe le tó hàn, ó sì fi irin pẹlẹbẹ oní-mílímítà 3 há abẹ́ mọ́tò níbi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ti yọ, kí ilẹ̀ má baà fà ya bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ohun tó kéré jù tí FIA gbà náà nìyẹn: bóòtù mẹ́rin, mílímítà 8 fún bóòtù, mílímítà 3 fún irin.

Réèlì gbé ìjókòó sókè, àṣíborí bọ̀ọ̀dá mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Irin ẹ̀gbẹ́ tó gbé ìjókòó dání ní ihò lóríṣiríṣi, Bàbá sọ ọ́ sí èyí tó rẹlẹ̀ jù, ó wá fi iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Ó bá bọ̀ọ̀dá mi mu wẹ́kú. Èmi wá rì sínú rẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù ni mò ń wò. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe tìmùtìmù líle tèmi. Fóòmù olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ ni, wọ́n dà á sínú ọ̀rá nínú ìjókòó, mo sì jókòó lé e títí ó fi wú tó sì gan. Ó máa ń gbóná bó ṣe ń wú, ẹ wọ aṣọ tó nípọn. Ẹnì kan tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Mọ́kọ́lá fi aṣọ dúdú bò ó. Kò nípọn tó mílímítà 50 níbikíbi. Réèlì ló gbé mi dé ìdí pẹ́dà, òun kàn jẹ́ kí n máa rí ọ̀nà ni.

Bẹ́líìtì ni iṣẹ́ yìí kù sí. Bàbá ò rò ó mọ́ ọn rárá. Tiwa ní okùn mẹ́fà, méjì tó gba àárín itan sì wà lórí bóòtù nínú ilẹ̀. Bí ìjókòó bá fi íǹṣì 5 rìn síwájú, bóòtù yẹn ò rìn. Okùn á wá máa fà sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ, ti ìbàdí náà á yí igun padà, á gun orí ikùn. Orí egungun ìbàdí ló yẹ kó wà, nítorí ikùn ò ní egungun tó lè gba ìjà. Ti èjìká nìkan ni kò yọnu. FIA ní kò gbọdọ̀ rọ̀ sẹ́yìn ju dìgírì 45 lọ, wọ́n sì dámọ̀ràn kó má ju 10 lọ. Bí ìjókòó ṣe ń lọ síwájú, ńṣe ni tiwa tún ń tẹ́jú sí i. Mo ní kí Bàbá ṣe ojú ìdè kejì fún mi, ó ní kò pọn dandan. A fa ọ̀rọ̀ náà. Mo wọlé, mo di bẹ́líìtì, mo ní kó wá wo ibi tó gùn. Ó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ kó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò wá. Kò fi kún owó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ dá bẹ́líìtì mọ́ àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má sì fi iṣẹ́ yín sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó nílò mọ́tò, torí ó pẹ́ ju bó ṣe ṣèlérí lọ.

₦85,000 la san fún réèlì, irin àti iṣẹ́. Fóòmù àti aṣọ rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Mo kà á sí owó tó lọ ire.

Ọ̀dà funfun ni àmì tèmi lára réèlì, pupa ni ti bọ̀ọ̀dá mi. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, mo fa irin, ìjókòó rìn dé funfun, mo sọ tìmùtìmù mi sí i, mo wọlé. Ẹsẹ̀ mi wá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, orúnkún mi sì ṣì ṣẹ́. Nígbà kan rí, sítíárìn ni mo fi ń di ara mi mú ní kọ́nà. Nísinsìnyí ìjókòó ló dì mí mú, ọwọ́ mi ráyè wakọ̀, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára bí táyà ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀. Aago náà jẹ́rìí sí i: Sátidé tó kọjá, mo yára ju bọ̀ọ̀dá mi lọ.

Fún ìdánrawò ni gbogbo èyí o. Sítíkà tó wà lẹ́yìn ìjókòó wa jẹ́ ti òdiwọ̀n FIA tí wọ́n ń pè ní 8855-1999, ọdún 5 ni irú rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, tiwa sì ti kọjá a. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìdíje tó ní àyẹ̀wò, kó kọ́kọ́ wá ìjókòó tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá kó tó náwó sí réèlì.

Eruku Mọ́níyà máa ń há sínú eyín réèlì, gíríìsì sì ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún. Bóòtù tuntun náà máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó. A gbé e padà lọ bá Bàbá, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fún wọn, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.