Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù Tí A Rà ní Jẹ́bà: Ìdí Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ọkọ̀ fáíbà àlòkù ni, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Yamaha tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 40, tí wọ́n gbé kọ́ sí ìdí rẹ̀. Láti Ìlọrin ni mo ti lọ rà á ní Jẹ́bà fún àbúrò mi tó ń ṣòwò ẹja níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó tà á ń yìn ni mo fi ọ̀pọ̀ àkókò yẹ̀ wò.

Pákó wà nínú fáíbà tó wà ní ìdí ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà ti ọkọ̀ síwájú. Omi a máa gba ojú ihò bóòtù tí wọ́n fi de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn wọlé, pákó á jẹrà sínú, ọ̀dà á sì máa dán lóde. Mo fi èkù sukudiráfà kàn án káàkiri: ibi tó le dún ketekete, ṣùgbọ́n lẹ́bàá bóòtù ìsàlẹ̀, ńṣe ló ń dún bọ̀ọ̀. Nígbà tí a tú bóòtù náà, omi pupa ṣàn jáde. Ọkùnrin náà ní omi òjò ni. Mo ní kò burú, a sì yọ owó káfíńtà kúrò nínú iye tó pè.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti tan án sílẹ̀ kí ẹ tó dé, nítorí èyí tó ti gbóná kì í fi àṣírí rẹ̀ hàn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ́ìlì gíà nísàlẹ̀; bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọlé nìyẹn. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde láti ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ wo pàǹkà ẹ́ńjìnnì tó ń yí nínú omi àti abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, torí àpáta wà nínú Odò Ọya ní agbègbè yẹn. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé rẹ̀ mu.

Ẹ̀wù ìmúléfòó tí wọ́n fi sí i ti ya, a sì ra tuntun. Lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ ojú omi tó pa èèyàn tó lé ní 100 ní Pàtígi ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, mi ò rò pé ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lórí èyí.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni bí ó ṣe ń mu bẹntiróòlù. Ẹni tí kò ní kó ju ẹja díẹ̀ lọ lè wá ẹ́ńjìnnì 15. Èyí á tó o.