Ìkókóré wọn dùn, àtẹ̀gùn wọn ló kù

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún búkà ìkókóré tó wà nítòsí Fólágbádé n'Ìjẹ̀bú-Òde yìí, àtẹ̀gùn ló jẹ ọ̀kan tó kù.

Ẹ gbọ́ o, MS ló ń bá mi fínra, multiple sclerosis. Ara èèyàn fúnra ẹ̀ ni á máa bá ohun tó bo iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jà, kì í ràn, kì í sì í ṣe àfiṣe, ẹ má gbé mi lọ sórí òkè jàre. Torí ẹ̀, tí mo bá dé ilé oúnjẹ, kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, ilẹ̀ ni, lẹ́yìn náà fáànù, lẹ́yìn náà ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà.

Ewùrà gidi ni wọ́n rin, kókó ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹja gbígbẹ pọ̀ ńbẹ̀, epo ò sì pọ̀jù. Wọ́n tún ní ẹ̀bà tútù, bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń jẹ ẹ́, ìyẹn sì bá mi lára mu gan-an torí ooru lọ̀tá mi. Tí ara mi bá ti gbóná díẹ̀ báyìí, ojú á máa ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ òsì á wúwo bí ẹni gbé òkúta, àfi tí ara bá tutù kó tó lọ. Dókítà ojú ará Jámánì kan, Wilhelm Uhthoff, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1890, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kàn rí i pé mò ń fi páálí fẹ́ ara mi, ó ní "Àǹtí, ẹ bọ́ sábẹ́ fáànù yìí", nígbà tí NEPA sì mú iná, kíá ni wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀, ó mọ́, omi wà nínú ike, kò sí pé à ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àìsàn yìí máa ń da ìtọ̀ láàmú, tó bá ti ní òun ń bọ̀, ó ti dé nìyẹn.

Àmọ́ àtẹ̀gùn yẹn! Ó ga, kò sí irin tí èèyàn lè dì mú, wọ́n tún wá fi omi ọṣẹ nu táìsì ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ gun òkè, oníbàárà kan ní "Sísítà, ilẹ̀ ò tíì ṣú tẹ́ẹ ti yó". Mi ò dá a lóhùn, ẹnu mi ò ráyè. Ìyá olóúnjẹ, ẹ bá wa pe wẹ́dà, irin kan ṣoṣo ni, àwọn àgbàlagbà náà á máa dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí àárẹ̀ bá mú mi, tí mo sùn sùn tí ò lọ, wọ́n máa ń bá mi dì í ránṣẹ́ sílé. Ẹ ṣáà dúnàádúrà pẹ̀lú ọlọ́kadà kó tó gbéra, torí ó lè gba iye owó oúnjẹ lọ́wọ́ yín.