Mítà àti iná Band A nílé aránṣọ: àgbéyẹ̀wò mi

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ilé mi ní Èkó níbí ni mo sì ti ń ṣe é. Iná tó ń wọlé fún wa kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n àti fáànù nìkan. Òun ló ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ló ń mú áyọ́ọ̀nù gbóná, òun ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìkòròdú ló jẹ́ kí n kọ èyí. Wọn kò tíì ní mítà níbẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní, "Àbúrò mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n fi owó ra mítà yìí, àbí kí n ṣì máa san owó ìwé iná tí wọ́n ń gbé wá?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ fún yín."

Kí a tó gba mítà, abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń ti ìwé iná bọ̀. Oṣù tí a rí iná àti oṣù tí táńsífọ́mà fi bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iye kan náà ni. Nígbà mìíràn, ti oṣù òkùnkùn ló máa ń pọ̀ jù. Mítà parí ìjà yẹn. Ọ̀kan wà lórí òpó níta, èyí kékeré tó ní bọ́tìnnì wà nínú pálọ̀. Mo ra iná lórí fóònù, wọ́n fi nọ́ńbà 20 ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, yúnìtì wọlé. Bó bá kù díẹ̀ kó tán, iná pupa orí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, á sì máa ké. Mo mọ ohun tí mo jẹ, mo mọ ohun tí mo san.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, 2024 ni nǹkan yí padà. Àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kéde pé owó ìrànwọ́ ìjọba ti kúrò lórí iná àwa tí a wà ní ìpele Band A, àwa tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Yúnìtì tí a ń rà ní nǹkan bíi náírà 68 di náírà 225. Wọn kò ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo ra ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà bí mo ṣe máa ń rà á. Tí wọ́n bá ti yọ VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà, bíi yúnìtì 136 ni owó yẹn máa ń fún mi. Èyí tó wọlé lọ́jọ́ náà jẹ́ 41.3. Mo rò pé mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni. Mo tún ṣí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo ń fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ iye yẹn nìkan kọ́ ló dùn mí. Aṣọ ẹbí 14 wà nílẹ̀ tí mo ti gba owó ìránṣọ wọn láti oṣù kẹta. Mo ti ṣírò òwú, síìpù àti iná sínú iye tí mo pè fún wọn, iná sì yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè padà lọ bá oníbàárà pé kó fi owó kún un. Mo rán an tán, èrè rẹ̀ sì ti wọnú mítà lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣòfin iná mọ̀ nìyí. Bí wọ́n bá sọ iye fún mi lóṣù mẹ́ta ṣáájú, màá mọ ohun tí màá pè fún oníbàárà. Èyí tí a ò mọ̀ ló ń jẹ wá run.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka mítà kí n tó sùn, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ọmọ mi kò lò tán. Ìwé yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í jẹ iná púpọ̀. Áyọ́ọ̀nù ni ọ̀jẹun. Tèmi jẹ́ 1,200 watt. Bó bá gbóná fún wákàtí kan láìsinmi, yúnìtì 1.2 lọ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti rán ẹ̀wù kan tán ni mo máa ń tan áyọ́ọ̀nù, á gbóná, á tutù, màá tún tàn án. Ní báyìí, mò ń kó aṣọ jọ di ìrọ̀lẹ́. Ánkárá àti àwọn aṣọ tó nípọn ló ń ṣáájú. Bó bá ku ṣífọ́ọ̀nù àti sílíkì, mo pa áyọ́ọ̀nù, mo sì fi ooru tó kù lára rẹ̀ lọ̀ wọ́n.

Ti fírísà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹrin yẹn kan náà, Adébáyọ̀ Adélabú, mínísítà fún iná mànàmáná, sọ pé nítorí iná kò wọ́n ni àwọn èèyàn fi ń fi fírísà sílẹ̀ ní títàn. Mo gbìyànjú láti máa pa tèmi. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń pa á, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń tàn án. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹja ìyá ọkọ mi ti ń rùn. Mo tàn án padà, mi ò sì pa á mọ́.

Ní ti iná fúnra rẹ̀, ó ń wá, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ lóṣù karùn-ún 2023, ẹ̀rù jẹnẹrétọ̀ ti ń bà mí, nítorí náà iná ṣì sàn fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà lóṣù kẹjọ tí ọjọ́ kankan kò pé wákàtí 20. Ó wà nínú ìwé mi: 14, 11, 16, 9, 17, 12, 15. Òfin NERC nígbà náà sọ pé bí iná kò bá pé wákàtí 20 fún ọjọ́ méje tẹ̀léra, kí wọ́n sọ wá kalẹ̀ sí ìpele tó bá iná tí a rí mu. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Iye tí mo ra yúnìtì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò yí padà.

Ohun kan tó tún yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀: mítà àtijọ́ tí wọn kò tún tò kí ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, 2024 tó kọjá kò gba nọ́ńbà tuntun mọ́, torí láti 1993 ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ inú rẹ̀, àyè sì ti tán. Láti tún tèmi tò, ìsọ̀rí nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi dípò ọ̀kan, nọ́ńbà 60. Ìyá ọkọ mi di tọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n ń pè é fún mi ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ ṣáájú o, bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, kò ní gbà á.

Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mítà gba 4 nínú 5, iná gba 3. Bí wọ́n ṣe ń fi iye rẹ̀ tó wa létí gba 1. Láti náírà 225, ó di 206.80 lóṣù karùn-ún, ó di 209.50 lóṣù keje. Iye mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin.

Band C ni ẹ̀gbọ́n mi wà, wákàtí 12 lójúmọ́, owó ìrànwọ́ ìjọba kò kúrò lórí tiwọn nígbà tí wọ́n yọ tiwa ní 2024. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni yóò kàn wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra mítà náà nísinsìnyí tí yúnìtì ṣì dínwó. Ẹ máa ka á lálálẹ́, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń jẹ kó tó di pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ tiyín náà." Wọ́n ní àwọn á wá wo ìwé mi lọ́jọ́ Sátidé. Yúnìtì 17.6 ló kù lórí mítà bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀wù ilé ìwé mẹ́fà sì wà nílẹ̀ tí n kò tíì lọ̀.