Fèrè Yamaha YFL-222: ibi tó lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin dé

Bí ọmọ kan ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán bá ti pinnu pé fèrè ọ́kẹ́sírà lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe, Yamaha YFL-222 ni mo máa ní kí àwọn òbí rẹ̀ wá fún un. Kì í ṣe òun ló dára jù nínú fèrè. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ṣeé tún ṣe, kì í tètè bàjẹ́, ohùn rẹ̀ sì tò débi pé bí nóòtì kan bá yẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ pé ètè òun ló fà á. Iṣẹ́ tí fèrè àkọ́kọ́ wà fún gan-an nìyẹn. Ọmọ tó ń fi fèrè tó ń jò kọ́ṣẹ́ á máa fi agbára fẹ́ ẹ kó tó dún, á máa fún ètè pọ̀, á máa tẹ kíì (àwọn ohun tí ìka ń tẹ lára fèrè) kankan, gbogbo àṣà wọ̀nyí á sì mọ́ ọn lára. Olùkọ́ tó bá gbà á lẹ́yìn ọdún méjì á kọ́kọ́ lo ọ̀pọ̀ oṣù láti tú ohun tó ti mọ́ ọn lára yìí.

Orúkọ irin rẹ̀ máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nickel silver ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n bàbà, nickel àti sínkì ló wà nínú rẹ̀. Fàdákà kò sí níbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n fi bò ó lójú. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: orí, ara àti ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá tò ó tán, ó gùn tó nǹkan bíi 67 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn kíì rẹ̀ dí lójú, kò sí ihò láàárín wọn, kíì G sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìka ọwọ́ òsì má baà nà jù. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìka rẹ̀ kò tíì gùn, méjèèjì dára gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ dé nóòtì C, kò dé B. Èyí tó kù, ìlànà tí Theobald Boehm, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1847 náà ni: ọ̀pá tí inú rẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀, orí tó ń tín-ín-rín bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àti ihò ńlá tí páàdì, ìyẹn tìmùtìmù kékeré abẹ́ kíì, ń dí.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ní kí wọ́n ra èyí tó pọ̀ọ́kú, tó ń dán, tí kò lórúkọ. Dídán kọ́ ni ìṣòro. Irin tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá tó gbé àwọn kíì rọ̀. Bí fèrè bá gbá mọ́ àga lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá náà ti wọ́, kíì kò sì ní padà sókè dáadáa mọ́. Páàdì inú rẹ̀ kì í jókòó pé láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Bí wọ́n bá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fèrè ṣe, kò ní rí ẹ̀yà ara tó bá a mu, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ti Yamaha, wọ́n ń rí páàdì, sípíríǹgì àti síkúrù rẹ̀.

Tuntun rẹ̀ wọ́n, dọ́là ló sì ń sọ iye tí wọ́n ń tà á, nítorí náà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Mo fara mọ́ ọn, bí ẹ bá ti lè yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tú u sí mẹ́ta, kí ẹ gbé ara rẹ̀ sójú bí káfíńtà ṣe ń wo pákó bóyá ó tọ́. Bí ó bá wọ́ láàárín, ẹ dá a padà. Ibi kékeré tó tẹ̀ wọnú ní ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun ńlá. Èyí tó bá tẹ̀ nítòsí ibi tí ẹnu ń gbé ló ń ba ohùn jẹ́. Ẹ ti orí bọ inú ara: ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú yíyí wẹ́rẹ́, kó má fì, kó má sì há. Bí olùtajà bá ti fi gírísì tàbí fásílíìnì sí i kó lè wọlé, ìdọ̀tí tàbí ìpalára ló ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ mú ọ̀pá ìnu fèrè. Ó ní ìlà kan tí wọ́n fín sí etí rẹ̀, mìlímítà 17 sí ìparí ọ̀pá. Ẹ tì í bọ inú orí fèrè títí yóò fi kan kọ́ọ̀kì, ìyẹn èdídí tó wà nínú rẹ̀ lókè, kí ẹ wo inú ihò ẹnu: ìlà náà gbọ́dọ̀ wà ní àárín ihò gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan ti yí adé orí fèrè (ìdérí tó wà ní ìparí rẹ̀) ṣeré, D òkè àti D ìsàlẹ̀ kò sì ní bára mu. Èyí ṣeé tún ṣe láìsanwó púpọ̀, ó kàn jẹ́ pé ó ń fi irú ọwọ́ tí fèrè náà ti wà hàn yín.

Páàdì ló wá kù, òun sì ni ọba wọn. Kì í ṣe rọ́bà, awọ tín-ín-rín tí wọ́n fi bo fẹ́ẹ̀tì, aṣọ nínípọn kan, ni. Ẹ wá bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wé sìgá, kí ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ fi sí abẹ́ páàdì, kí ẹ tẹ kíì náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fa bébà jáde. Ẹ ṣe é níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó yẹ kó fà dọ́gba níbi gbogbo. Ibi tó bá ti ń yọ̀ jáde láìfà, ibẹ̀ ló ń jò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó mọ fèrè fọn bẹ̀rẹ̀ láti B, kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé C ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ìka tó fúyẹ́. C yẹn ni ìdánwò tó ga jù, torí pé gbogbo páàdì tó wà lókè rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dí kó tó lè dún. Bí ohùn bá sá lọ ní F, tó tún padà wá nígbà tí wọ́n tẹ kíì kankan, ó lè jẹ́ síkúrù kékeré tó so kíì F mọ́ èkejì rẹ̀ ló yí, ó sì lè jẹ́ páàdì. Àtipààrọ̀ gbogbo páàdì kì í ṣe owó kékeré, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ọyẹ́ Ìlọrin kò fojú rere wo páàdì. Láti bí oṣù Kejìlá títí wọ Kejì, awọ orí rẹ̀ á gbẹ, fẹ́ẹ̀tì á súnkì, fèrè tó ń dún geere lóṣù Kẹwàá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ C ìsàlẹ̀. Kọ́ọ̀kì orí náà ń sún nígbà yẹn. Ẹ máa fi ọ̀pá yẹn wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Eruku tún ń rọ́ sábẹ́ àwọn kíì, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ òróró. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbá a, kí ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ má gbé àpótí rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó sún mọ́ páànù, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀, torí pé ooru ń yọ gọ́ọ̀mù àwọn páàdì kékeré.

Ooru tún ń yí ohùn padà. Yamaha ṣe fèrè yìí sí A 442 (iye ìgbà tí nóòtì A ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kíbọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé wa ń lò sì wà ní 440. Nítorí náà, ẹni tó bá ti orí wọlé tán pátápátá á ga ju kíbọ́ọ̀dù lọ, pàápàá lóṣù Kẹta tí òòrùn ń mú, nítorí bí afẹ́fẹ́ inú fèrè bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan gbóná sí i, ohùn á gòkè tó bí sẹ́ǹtì mẹ́ta (ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ló wà láàárín nóòtì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e lórí dùùrù). Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ fa orí jáde ní mìlímítà mélòó kan, kí ẹ sì fọn ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó wọ ohùn pọ̀. Bí ẹ bá fà á jáde jù, nóòtì tí ihò wọn sún mọ́ ẹnu á wálẹ̀ ju àwọn tó jìnnà lọ, ohùn á sì dàrú. Ibẹ̀ ni ètè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́.

Kúnú, sóbò àti móòtì: ẹni tó bá mu ún tó sì gbé fèrè láìfi omi yọ ẹnu, ṣúgà inú rẹ̀ á bá èémí wọlé, á sì lẹ páàdì. Kíì G sharp ló máa ń kọ́kọ́ lẹ̀. Bébà sìgá tó mọ́ ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ kíì, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má fi páúdà sí i, torí pé páúdà ń di ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fọn ún, ẹ fi aṣọ òwú gba ọ̀pá ìnu fèrè já, kí ẹ nu orí, ara àti ẹsẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ má fi Brasso dán an. Ó ń họ fàdákà tó bò ó, ìyókù sì ń wọ ojú ọ̀pá kíì. Ẹni tó ń tún aago ṣe lè mọwọ́ síkúrù kékeré dáadáa, síbẹ̀ kò mọ èyí tí kíì méjì jọ ń gbára lé. Tí ó bá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, páàdì kan á dí, èkejì á ṣí. Òróró tín-ín-rín fún fèrè ni ẹ lò, ẹ̀kán kan péré ní etí ọ̀pá, òróró máṣíìnì ìránṣọ kọ́.

Ó wá kan ibi tí ó lè gbé ọmọ dé. Mo rí i pé YFL-222 tó wà ní ìtọ́jú kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ dé Grade 6 tàbí 7 nínú ìdánwò ABRSM, àjọ ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń gbé Kwara kò nílò láti rìnrìn àjò fún ìdánwò náà mọ́, nítorí pé láti 2020 ni wọ́n ti ń gba Performance Grade, ìdánwò orin fífọn nìkan, lórí fídíò. Orin mẹ́rin ni, ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì 30, wọ́n tún fi 30 mìíràn kún un fún bí gbogbo rẹ̀ ṣe jọ lọ, àpapọ̀ 150. 100 ni kí ẹ fi yege, 130 ni kí ẹ fi wọ ipò tó ga jù, Distinction. Fídíò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan láìgé e, kí ojú, ọwọ́ àti fèrè hàn lódindi. Ọwọ́ ọ̀tún ni fèrè ń nà sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni fóònù sábà máa ń gé dànù. Wọ́n gba dùùrù tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí dára níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò ta á. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ dúró dè é tàbí kí ẹ lo bátìrì, torí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ á bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé fún Grade 6 sókè, ó gbọ́dọ̀ ti yege nínú Grade 5 Theory, ìdánwò ìmọ̀ nípa orin, tàbí èyí tí ABRSM gbà dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi ìka sáré débẹ̀ kí wọ́n tó rántí èyí.

Nílé, orin wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Ẹ̀ka Performing Arts ní Yunifásítì Ìlọrin, ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, Èkó, sì ń kọ́ni gba dípúlómà. Ṣùgbọ́n ẹ wá olùkọ́ tí fèrè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń fọn sáàsófóònù, tó sì mọ ìka fèrè. Ètè sáàsófóònù ń di rídì mú; ti fèrè kò di nǹkan kan mú, afẹ́fẹ́ ló ń darí sí etí ihò tí ètè ìsàlẹ̀ ti bo bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Ohùn gígùn, síkéèlì lórí kíì orin 24 (èyí kì í ṣe kíì tí ìka ń tẹ) pẹ̀lú mẹ́tírónóòmù, àti lẹ́yìn náà orin: bí iṣẹ́ ojúmọ́ ṣe ń lọ nìyẹn, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin fún ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí, pẹ̀lú ìsinmi láàárín.

Agbára fèrè yìí máa ń tán nígbà tí ọmọ bá fẹ́ lọ jókòó fún ìdíje ọ́kẹ́sírà. Ọ́kẹ́sírà kan kì í ní ju ìjókòó fèrè méjì sí mẹ́rin lọ, ọ̀kan nínú wọn sì sábà máa ń jẹ́ ti píkólò, fèrè kékeré tí ohùn rẹ̀ ga. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni àwọn olùdíje sábà máa ń fọn fèrè, àwọn adájọ́ sì sábà máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ Kọnṣẹ́ẹ̀tò G ti Mozart, K. 313. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè béèrè ìbẹ̀rẹ̀ Prélude à l'après-midi d'un faune ti Debussy, tí wọ́n kọ́kọ́ fọn ní 1894. Nóòtì àkọ́kọ́ rẹ̀, C sharp, ni fèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀ tán, ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń tẹ. Ihò tí ó ń lò kéré, ó sì ga ju ibi tó yẹ kó wà lọ, torí pé ihò kan náà ló ń ran D àti E flat òkè lọ́wọ́. Bó ṣe ń gòkè jù, tí ara rẹ̀ sì rọ̀, nìyẹn. Lórí YFL-222, ẹ lè mú un wálẹ̀ pẹ̀lú ètè, ṣùgbọ́n ẹ kò ní ní àwọ̀ ohùn tí ẹ óò fi yà á sọ́tọ̀.

Nítorí èyí, nígbà tí owó bá wá, ẹ má kọ́kọ́ ra odindi fèrè. Orí tí wọ́n fi fàdákà gidi ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé, torí pé orí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ ohùn fèrè di ohun kan pàtó. Ẹ gbé ara Yamaha yín lọ́wọ́ lọ, kí ẹ dán bí wọ́n ṣe wọ ara wọn wò. Ẹsẹ̀ B kò pọn dandan lákọ̀ọ́kọ́, orin tó ń lò ó kò pọ̀; kíì oníhò dára fún àwọn ọgbọ́n orin òde òní, síbẹ̀ òun kọ́ ló ń mú kí wọ́n gbà yín. Ẹ kọ́ píkólò láti bí Grade 5. Ọ̀pọ̀ afọnfèrè ni kì í fẹ́ ẹ, ẹni tó bá sì lè fọn ún láìní kí ohùn rẹ̀ gòkè jù ni wọ́n máa ń pè sí ọ́kẹ́sírà, bàǹdì ológun àti ìjọ. Iṣẹ́ kíkọ́ni ló tún ń bọ́ ọ̀pọ̀ afọnfèrè ju ìjókòó ọ́kẹ́sírà lọ, ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí tó lè fi hàn àti fèrè YFL-222 kan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè yá lò ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ìlọrin.