Fẹ́rì Pärnäinen sí Jurmo: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún fẹ́rì tó ń ti èbúté Pärnäinen ní Nauvo, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Fínlándì, lọ sí erékùṣù Jurmo àti Utö. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ kì í san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ àyè ló jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan: àwọn tó ń gbé erékùṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ lóṣù keje tí àlejò ń ya wá, ẹni tó bá pẹ́ dé lè ṣẹ́kù sí èbúté. Láti Turku, bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀. Bọ́ọ̀sì náà alára á gun fẹ́rì mìíràn kó tó dé Nauvo, ìlà ọkọ̀ sì máa ń gùn níbẹ̀. Ẹ tètè kúrò nílé.

Láti Pärnäinen dé Utö lè tó wákàtí 5, torí ọkọ̀ ń yà ní Nötö àti Aspö, ó sì ń rìn kọ́lọkọ̀lọ láàárín àpáta tí omi díẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó síta. Bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ òkun gbangba ni igi ń kúrú sí i, títí á fi ku àpáta lásán tí yìnyín ayé àtijọ́ ti ha dán.

Jurmo yàtọ̀ pátápátá. Ní nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ náà dúró fúngbà díẹ̀ níbí, ó sì da iyanrìn àti òkúta tó kó bọ̀ sílẹ̀ létí rẹ̀. Òkìtì yẹn, tí wọ́n ń pè ní Salpausselkä Kẹta (ìkẹta nínú àwọn òkìtì gígùn tí yìnyín fi sílẹ̀ ní Fínlándì), ló yọrí lókè omi di erékùṣù tóóró yìí. Nígbà tí ìwúwo yìnyín kúrò, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ó ṣì ń gbéra bíi mìlímítà 4 lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí etíkun àtijọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kan lókè èkejì, jìnnà sí omi. Ìgbì ti yí òkúta wọn di roboto, wọ́n sì máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ mú aṣọ tí atẹ́gùn ò lè gba inú rẹ̀ dání nígbà ooru pàápàá, torí igi ò tó tí á dá afẹ́fẹ́ dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì onígi ọdún 1846 kò jìnnà, ẹ yà wò ó.

Bí ẹ bá gba inú koríko kọjá, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá wò fún eégbọn. Eégbọn agbègbè yìí ń gbé àrùn Lyme àti àrùn mìíràn tó ń mú ọpọlọ wú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ìkejì yìí, àmọ́ oṣù 1 sí 3 ló máa ń wà láàárín abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ìgbà ooru tó dé.