Wíwo Fífò Ski Àwọn Ọkùnrin ti Beijing 2022 Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Àwòrán Péye, Àlàyé Kù Díẹ̀ Káàtó

Iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe láti gbé ìdíje fífò ski ti àwọn ọkùnrin wá sínú ilé wa ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, ìyẹn eré tí olùdíje ti ń so ski, pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, mọ́ ẹsẹ̀, tí yóò fi yọ̀ sísàlẹ̀ lórí òkè, tí yóò sì fò jìnnà kí ó tó balẹ̀. Ìdíje orí òkè ńlá ni mo ń sọ, èyí tó wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2022, nígbà Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti Beijing. Ọ̀sán Sátidé ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, nítorí pé nígbà tí aago méje alẹ́ bá lù ní Ṣáínà, aago méjìlá ọ̀sán ni Nàìjíríà wà. Mo wò ó lórí ìkànnì eré ìdárayá kan tí à ń sanwó oṣù fún, tí n kò ní dárúkọ; lẹ́yìn náà ni mo tún wo fídíò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú òpó Òlíḿpíìkì fúnra wọn. Àwòrán kan náà ni méjèèjì lò, àmọ́ ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ ọ̀kan kò jọ ti èkejì rárá.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ẹni tó ni iṣẹ́ wo. Olympic Broadcasting Services, ilé iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ló ń ya àwòrán àwọn ìdíje náà, òun náà ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ti ra ẹ̀tọ́ láti gbé e sáfẹ́fẹ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìkànnì tiwa fi kún un kò ju ohùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn, ìpolówó ọjà, àti àkọlé ìròyìn tó ń sáré lọ ní ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, bí mo bá yin àwòrán, ìyìn náà kò kan ìkànnì yẹn. Bí mo bá sì bínú sí ohun tí wọ́n fi bo àwòrán mọ́lẹ̀, àwọn gan-an ni mo ń bá wí.

N kò rí àbùkù kankan nínú àwòrán náà. Zhangjiakou, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Beijing, ni pápá ìdíje náà wà. Wọ́n kọ́ ọ ní ìrísí ruyi, ọ̀pá ọlá tí àwọn ọlọ́lá Ṣáínà ayé àtijọ́ máa ń mú lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Snow Ruyi. Ohun tí mo gbádùn jù ni bí kámẹ́rà ṣe ń dúró ti olùdíje kí ó tó gbéra. Yóò ti jókòó sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè téńté, ski rẹ̀ méjèèjì yóò ti wọ ojú ọ̀nà tí wọ́n là sínú yìnyín, iná pupa yóò sì máa wò ó lójú. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ dé ìwọ̀n tí òfin gbà, iná náà yóò di aláwọ̀ ewé, olùkọ́ rẹ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yóò ju àsíá ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà yóò sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Kí ó tó dé etí ibi ìfò, eré rẹ̀ ti tó nǹkan bí 90 kìlómítà ní wákàtí kan.

Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ tún fi ohun kan hàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní rò: etí ibi ìfò náà kò yọrí sókè rárá, ńṣe ló dagun sísàlẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ olùdíje ló ń gbé e kúrò níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó kí a ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni yóò na ara gbọọrọ sórí ski rẹ̀, tí yóò sì la orí wọn sọ́tùn-ún àti sósì bíi lẹ́tà V. Jan Boklöv ará Sweden ló sọ ọ̀nà ìfò yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn adájọ́ ṣì ń tìtorí rẹ̀ gé máàkì rẹ̀ kù. Bí olùdíje bá sì ń balẹ̀, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú, èkejì yóò wà lẹ́yìn, orúnkún yóò tẹ̀, bí ọmọbìnrin tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà. Gbogbo èyí ni a rí kedere, a sì tún rí i lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí wọ́n bá ń fi í hàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n eré tí ìṣirò ń pín wúrà rẹ̀ ni eré yìí, ibẹ̀ sì ni ìkànnì náà ti já wa kulẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ryoyu Kobayashi ará Jàpáánù, tó ti gba wúrà orí òkè kékeré ní ọjọ́ 6 oṣù kan náà, fò 142 mítà ní ìpele àkọ́kọ́. Marius Lindvik ará Nọ́wè fò 140.5. Ní ìpele kejì, Lindvik fò 140, Kobayashi sì fò 138. Bí a bá ro ìfò méjèèjì pọ̀, 280.5 ni ti Lindvik, 280 ni ti Kobayashi. Ìdajì mítà péré ló wà láàárín wọn. Síbẹ̀, nígbà tí èsì jáde, Lindvik ní máàkì 296.1, Kobayashi ní 292.8, Karl Geiger ará Jámánì sì ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 281.3. Ìdajì mítà ti di máàkì 3.3, a kò sì gbọ́ àlàyé kan lórí rẹ̀ láti ẹnu àwọn tí a sanwó fún.

Àlàyé náà kò sì le. Lórí òkè ńlá yẹn, ìlà tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n wà ní 125 mítà. Ẹni tó bá balẹ̀ síbẹ̀ gan-an yóò gba máàkì 60. Mítà kọ̀ọ̀kan tó bá fi lé e yóò fún un ní 1.8, mítà kọ̀ọ̀kan tó bá sì dín yóò gba iye kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. A jẹ́ pé ìdajì mítà kò ju máàkì 0.9 lọ, àti pé máàkì 2.4 tó ṣẹ́kù wá láti ibòmíràn. Lára rẹ̀ ni ti àwọn adájọ́ márùn-ún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè fún olùdíje ní ohun tó tó 20 lórí bí ó ṣe fò àti bí ó ṣe balẹ̀. Wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù dànù, wọ́n á sì ro mẹ́ta tó kù pọ̀.

Èyí tó tún kù ni ti afẹ́fẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò mọ eré náà yóò ti ṣìnà bí kò bá rí olùtọ́sọ́nà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú ló ń ran olùdíje lọ́wọ́, nítorí pé abẹ́ ski ló ń wọ̀, tó sì ń gbé e dúró pẹ́ lójú òfurufú. Ti ẹ̀yìn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí afẹ́fẹ́ iwájú bá gbè, wọ́n á yọ máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ti ẹ̀yìn bá dà láàmú, wọ́n á fi kún tirẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá sún ọ̀pá ìjókòó sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti òkè gbéra yóò sáré ju ẹni tó ti ìsàlẹ̀ gbéra lọ.

Gbogbo iye wọ̀nyí wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń yọ ní ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá: jíjìnnà ìfò, máàkì àwọn adájọ́ márààrún pẹ̀lú méjì tí wọ́n fagi lé, máàkì afẹ́fẹ́, máàkì ọ̀pá ìjókòó, àpapọ̀ àti ipò. Ibẹ̀ gan-an ni ìkànnì wa fi àkọlé ìròyìn bọ́ọ̀lù rẹ̀ bò. Ìròyìn agbábọ́ọ̀lù tó fẹsẹ̀ ṣèṣe ń wọ́ kọjá lórí máàkì afẹ́fẹ́, mo sì ń na ọrùn bí ẹni pé mo lè yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti ìpolówó ọjà tún burú ju èyí lọ. Ọgbọ̀n olùdíje ló ń dé ìpele kejì, ẹni tó ṣe ipò ọgbọ̀n ní ìpele àkọ́kọ́ ló ń kọ́kọ́ fò, ẹni tó wà níwájú ló sì ń kẹ́yìn. Èyí túmọ̀ sí pé Lindvik ni igbákejì ẹni ìkẹyìn, tí Kobayashi sì dúró lókè tó ń wo ohun tó máa ṣe. Lindvik fò, ó balẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ìkànnì wa sì gbé ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ wọlé. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, Kobayashi ti wà lórí ọ̀pá. A kò rí máàkì Lindvik, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ iye tí Kobayashi nílò. Gbogbo adùn ìdíje náà wà nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, wọ́n sì tà á fún ọlọ́ṣẹ.

N kò retí pé kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ti Áfíríkà sọ̀rọ̀ mọ eré yìí bí ẹní mowó. Àwọn méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ní ohùn tó dára, wọ́n sì ń pe orúkọ àwọn olùdíje dáadáa. Àmọ́ ìtàn wà níwájú wọn tí wọn kò pa. Lindvik ni ọmọ Nọ́wè àkọ́kọ́ tó gba wúrà orí òkè ńlá láti ìgbà tí Toralf Engan ti gbà á ní ọdún 1964, èyí tó ya ènìyàn lẹ́nu fún orílẹ̀-èdè tó ni eré náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bákan náà, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì ti ṣèṣì nínú ìṣirò eré yìí rí: ní Chamonix ní ọdún 1924, wọ́n fún Thorleif Haug ará Nọ́wè ní idẹ ipò kẹta, ó sì tó àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó rí i pé Anders Haugen, tó díje fún Amẹ́ríkà, ló ni ín. Haug ti kú nígbà náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé Haugen lọ́wọ́ ní ọdún 1974, nígbà tí Haugen fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ yóò tẹjú mọ́ máàkì. Wọn kò tilẹ̀ sọ fún wa pé Samuel Ikpefan, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì yẹn, sá eré ski tirẹ̀ ní Zhangjiakou kan náà, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fò.

Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbogbo wàhálà yìí. Kò sí àkọlé bọ́ọ̀lù, a sì lè dá àwòrán dúró nígbà tí máàkì bá yọ kí a fara balẹ̀ kà á. Mo tún rí ìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fà sórí yìnyín láti fi hàn ibi tí olùdíje gbọ́dọ̀ dé kí ó tó bọ́ sí ipò kìn-ín-ní; ìlà yìí nìkan tó láti mú kí ènìyàn mí gúlegúle nígbà tí Kobayashi gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo fi kà á sí iṣẹ́ tí kò pé ni pé àlàyé tó wà nínú rẹ̀ náà dá lé e pé òǹwòran ti mọ eré náà tẹ́lẹ̀. Ó sì ń jẹ dátà.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ méjèèjì kò tan ìmọ́lẹ̀ sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò. Aṣọ tó bá fẹ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ máa ń gbé ènìyàn sókè, nítorí náà wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, nínú ìdíje àjùmọ̀ṣe ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n lé obìnrin márùn-ún láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin kúrò nítorí aṣọ. Ní Trondheim, ní oṣù kẹta ọdún 2025, Lindvik kan náà ṣe ipò kejì nínú ìdíje àgbáyé orí òkè ńlá kí wọ́n tó fagi lé èsì rẹ̀. Àwọn alákòóso ikọ̀ Nọ́wè jẹ́wọ́ pé àwọn ti yí ìránṣọ náà padà, Lindvik sì ní òun kò mọ̀ sí i. Wúrà Beijing ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí wọ́n bá lé kàn máa ń pòórá kúrò lórí èsì ni, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta níwájú orúkọ rẹ̀, kámẹ́rà kì í sì í tẹ̀ lé e wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìdíje yìí lónìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ sanwó oṣù fún ìkànnì kankan. Kí ó lọ wo fídíò náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àwọn mẹ́wàá tó kẹ́yìn ìpele kejì bí dátà rẹ̀ kò bá pọ̀, kí ó sì ṣí ìwé èsì tí FIS, àjọ tó ń ṣàkóso eré ski lágbàáyé, gbé sí ojú òpó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máàkì adájọ́ kọ̀ọ̀kan àti ti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo olùdíje. Tẹlifíṣọ̀n ńlá ló dára jù fún un, nítorí pé lórí fóònù, máàkì afẹ́fẹ́ kéré débi pé ẹni tó ń lo awò ojú bíi tèmi yóò ní láti sún mọ́ ọn.